Omi Wà Nítòsí Abújá: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi l'Abújá àti agbègbè rẹ̀. Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù: ibi tí ìdílé lè lọ wo omi kí wọ́n sì padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Mo mú mẹ́rin nínú wọn.

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó la ti kó wá sí Kubwa lọ́dún tó kọjá nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò yéé bèèrè ìgbà tá a máa lọ sí etí òkun. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni bàbá wọn ń ráyè. Ibo la lè kó wọn lọ tí wọ́n á ti rí omi gidi?
*Ìyá Ìbejì, Kubwa*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, ẹ ó jèrè wọn. Lọ́kọ́ja ni kí ẹ kó wọn lọ.

Mi ò ní tàn yín, kì í ṣe òkun. Kò sí ìgbì tó ń fọ́ sí èbúté, omi rẹ̀ kò sì níyọ̀. Àmọ́ Odò Ọya tó ṣẹ̀ lórí òkè ilẹ̀ Gínì, tó la Málì àti orílẹ̀-èdè Niger kọjá kó tó wọ ilẹ̀ wa, Lọ́kọ́ja ló ti pàdé Bẹ́núé tó ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù. Omi tó fẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ á tẹ́ ọmọ Èkó lọ́rùn.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni ọ̀nà náà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá mú yín ní Gwagwalada. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé. Ẹ ó gba Kwali kọjá, ìlú Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ẹ yọ owó náà fún àwọn ọmọ nínú mọ́tò kí wọ́n wò ó. Abaji ló kàn, lẹ́yìn náà Koton Karfe. Bí ẹ bá rí ẹja gbígbẹ lọ́nà tó wù yín, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà àbọ̀, kí òórùn rẹ̀ má baà bá yín wọ inú hótẹ́ẹ̀lì. Lórí afárá Murtala ni ẹ ó ti kọ́kọ́ fojú kan Ọya.

Tí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ wá ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé yín dé ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ẹ ná owó rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì sọ fún atukọ̀ pé kó pa ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ìlà kan wà lójú omi tí ọmọ kékeré lè fi ìka tọ́. Àwọ̀ omi apá ọ̀tún yàtọ̀ sí ti apá òsì, wọ́n sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún méjì tí ilé pa pọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn ò tíì wọ̀. Lórí ìlà yẹn gan-an ni ìfófó, ojú oró àti igi wẹ́wẹ́ ń tò sí, wọ́n ń bá omi lọ gbọọrọ. Mo lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gun Òkè Patti. Mọ́tò ń gòkè dé orí rẹ̀, ẹ ò ní fẹsẹ̀ jìyà. Ẹ ó rí igi oṣè ńlá níbẹ̀, ẹ ó rí ilé ìsinmi Lugard, ẹ ó sì rí odò méjèèjì nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe di ọ̀kan. Àwọn tó ń mú àlejò kiri lè sọ fún yín pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì tó wá di ìyàwó Lugard, jókòó sí tó fi sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ orúkọ náà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1897. Lugard fúnra rẹ̀ kò tíì gba ìjọba ibẹ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1900 ló ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja. Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún àwọn ìbejì.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ní ìlú náà kò sí létí omi. Ọgbà ilé-ìwé Holy Trinity ni, èyí tí Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó sì padà wá di bíṣọ́ọ̀bù. Nínú ọgbà yẹn ni irin méjì wà lóòró, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà l'Abújá mọ̀ pé bàbá tiwa ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Abújá. Ẹ tún tẹ́tí sí àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tẹ́ ẹ bá dé ọjà. Èdè wọn bá tiwa tan, ẹ ó gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀, kí ẹ tó béèrè hótẹ́ẹ̀lì. Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni Ọya àti Bẹ́núé máa ń kún jù. Ní 2012 àti ní 2022, omi bo ojú títì mọ́lẹ̀ ní agbègbè Koton Karfe, àwọn arìnrìn-àjò sì há sójú ọ̀nà. Bí rédíò bá ti ń sọ pé wọ́n fẹ́ tú omi ìdídò Lagdo sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ẹ sún ìrìn-àjò yín síwájú. Láti oṣù Kọkànlá lọ, ó dáa. Tó bá di oṣù Kẹta, iyanrìn á ti yọ láàárín odò, àwọn ọmọ á sì rí nǹkan fi ṣeré. Kí ẹ má sì rìn lóru, ẹ jọ̀ọ́. Ní Sọ́ńdè, ẹ kúrò ní Lọ́kọ́ja ní aago méjìlá ọ̀sán, ó pẹ́ tán aago kan.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní mọ́tò, ìyàwó mi sì ní òun fẹ́ rí omi Gúrárà. Ṣé ọjọ́ kan tó o, ìgbà wo ló sì dára jù?
*Bàbá Tóbi, Lugbe*

Ọjọ́ kan tó, Bàbá Tóbi. Ọ̀nà Súlèjà sí Mínà ló wà. Omi náà fẹ̀ tó nǹkan bíi 200 mítà, ó sì ń já láti nǹkan bíi 30 mítà sókè. Nínú òjò, ó máa ń bú ramúramù, ẹ̀kán omi á ti rẹ aṣọ yín kí ẹ tó sún mọ́ ọn, àpáta á sì máa yọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń fà, títí á fi kù díẹ̀ lójú àpáta. Ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn, torí omi ṣì pọ̀, òjò sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ méjì ẹ dáwó, kí ẹ háyà takisí àlọ àti àbọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó rí mọ́tò lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ bá mu, ẹ kó o padà sílé. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí wọn láàárín àpáta yẹn.

Ẹ ǹ lẹ́ mà. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ wẹ̀ nínú Ọya nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá lọ sí Lọ́kọ́ja. Kí lẹ rò sí i?
*Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gwagwalada*

Àbúrò mi, má ṣe é. Bó bá jẹ́ inú omi hótẹ́ẹ̀lì lo ti kọ́ ọ, omi yẹn kì í lọ síbì kankan. Ọya ń ṣàn ju bí o ṣe ń rí i lójú lọ, àti pé iyanrìn rẹ̀ ń ṣí kiri: ibi tó mọ ní orúnkún lánàá lè di kòtò lónìí. Òmùwẹ̀ ní í bódò lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àrùn tún wà ńbẹ̀. Àtọ̀sí ajá, èyí tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, ara ìgbín kékeré inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, pàápàá létí odò níbi tí omi ti rọra dúró. Awọ ara ló ń gbà wọlé, o ò sì ní mọ̀. Bí o bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀ rí, lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù. Oògùn praziquantel ń wò ó.

Ọkọ̀ ni kí o wọ̀. Kí o sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó, má kàn jókòó lé e. Fa okùn rẹ̀ wò bóyá kò tíì jẹrà, de ìde rẹ̀ kí o gbọ́ bó ṣe ń dún pàkà, tẹ fóòmù inú rẹ̀. Mo ti rí èyí tí eku ti jẹ fóòmù rẹ̀ dé ìdajì, tí wọ́n sì ń gbé e fún ọmọ èèyàn. Lọ́kọ́ja gan-an ni olú iléeṣẹ́ NIWA wà, àwọn tó ń ṣe àbójútó ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì pa á láṣẹ pé kí gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Atukọ̀ tó bá ní kò sí, tàbí tó ń kó èrò kún ọkọ̀ títí omi fi fẹ́ẹ̀ kan etí rẹ̀, bọ́ sílẹ̀ fún un. Má jẹ́ kí ojú àwọn ọ̀rẹ́ tì ọ́.

Àǹtí, odò kò lè tẹ́ mi lọ́rùn, òkun ni mo ń fẹ́. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Warri. Ṣé mo lè lọ ní Sátidé kí n padà ní Sọ́ńdè?
*Arábìnrin kan, Garki*

Ẹ ò lè ṣe é ní ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ ojú irin náà wà lóòótọ́, 2020 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ṣùgbọ́n Itakpe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Okene ló ti ń gbéra. Ẹ ó kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé ibẹ̀, kí ọkọ̀ náà tó wá gbé yín gba Ajaokuta àti Agbor kọjá. Ọjọ́ kan gbáko ti lọ nìyẹn. Etí odò ni Warri fúnra rẹ̀ sì wà. Òkun ṣì jìnnà síwájú. Ìsinmi Àjíǹde, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Fúráídè tó sì ń parí ní Mọ́ńdè, ló lè gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀ kí ẹ tó kúrò l'Abújá, kí ẹ má baà há sí Itakpe.