Ṣé Dandan Ni Kí Gbogbo Ẹ̀rọ Powerline Jẹ́ Ti Ilé-iṣẹ́ Kan Náà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ powerline méjì ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí ń gba inú wáyà iná ilé gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti yàrá kan dé òmíràn. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo wá ra ẹ̀kẹta fún yàrá àwọn ọmọ lókè, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kò dá àwọn ti ìṣáájú mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ iná ara rẹ̀ ń tàn. Ṣé dandan ni kí wọ́n jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ bára mu ni ìlànà tí wọ́n fi ṣe wọ́n, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí tàbí sẹ́yìn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kí ẹ tó tún náwó. Bí HomePlug AV tàbí AV2 bá wà lára gbogbo wọn, ó yẹ kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́, ẹni yòówù tí ì báà ṣe wọ́n, nítorí pé wọ́n ṣe AV2, tí ó jáde ní 2012, kí ó lè gbọ́ èdè AV tí ó ṣáájú rẹ̀. Kìkì pé ìyára AV ni AV2 yóò fi bá a lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ G.hn, tí í ṣe ìlànà mìíràn, ni ẹ rí lára ẹ̀kẹta, kò sí bọ́tìnì tí ẹ lè tẹ̀ tí yóò so ó pọ̀ mọ́ HomePlug. Wọ́n tilẹ̀ lè máa dí ara wọn lọ́wọ́ lórí wáyà kan náà. Ẹ bẹ ẹni tí ó tà á kí ó bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń ra tòkunbọ̀ níláti ṣọ́ra fún HomePlug 1.0 ti ọdún 2001, tí kò lè bá AV sọ̀rọ̀.

Bí ìlànà bá bára mu, ó lè jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ẹ̀rọ náà fi ń dá ara wọn mọ̀, ni kò bára mu. Ẹ tẹ bọ́tìnì Pair lára ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́, kí ẹ sì tẹ ti tuntun láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí, pàápàá bí àwọn ayálégbé bá pọ̀ nínú ọgbà yín, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń gbé jáde láti ilé-iṣẹ́, ó sì lè ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ aládùúgbò bá tiyín so pọ̀.

Wáyà ilé náà ní tirẹ̀ láti sọ. Nínú ilé tí iná oní-phase mẹ́ta wọ̀, ìsàlẹ̀ lè wà lórí phase kan, kí òkè wà lórí òmíràn, agbára íntánẹ́ẹ̀tì náà a sì rẹ̀wẹ̀sì gan-an kí ó tó kọjá láàárín wọn. Bákan náà ni bí inverter bá ń gbé apá kan ilé nígbà tí iná bá lọ: apá tí kò sí lórí inverter yóò dákẹ́. Ẹ má sì ki ẹ̀rọ yìí bọ extension tí ń dáàbò bo tẹlifíṣàn, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì náà mì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kí ẹ lò.

Láti mọ èyí tí ó jẹ́ ìṣòro tiyín nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ́kọ́ ki ẹ̀kẹta bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú yàrá tí ráútà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá dá ara wọn mọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò dá ara wọn mọ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá gbé e lọ sókè, wáyà òkè ni kí oníṣẹ́ iná wá yẹ̀ wò.