Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ló Ni Fọ́tò Tí Mo Gbé Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ fọ́tò sì ni mo fi ń jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo gun Òkè Ìdànrè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo sì ya àwọn àpáta náà bí kùrukùru ṣe bò wọ́n dé ìdí. Mo gbé fọ́tò náà sórí Facebook. Nígbà tó yá, mo rí i lára kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ń tà lẹ́bàá Ọjà Ọba; wọ́n ti gé igun ìsàlẹ̀ tí mo kọ orúkọ mi sí kúrò. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sọ fún mi pé ohun tó bá ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé. Ṣé òótọ́ ni? N kò kọ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹlòmíràn máa fi í pawó láì dárúkọ mi ló dùn mí.
Ayàwòrán, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, kì í ṣe òótọ́ rárá. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní láti pinnu ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀) ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kò sọ pé kí ayàwòrán kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó di tirẹ̀. Láti ìgbà tí fọ́tò yẹn ti wọ inú kámẹ́rà yín lórí òkè ni ẹ ti ni ín, ẹ ó sì máa ni ín títí 50 ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tí ẹ kọ́kọ́ gbé e síta. Àdéhùn tí ẹ bá Facebook ṣe fún wọn láyè láti fi í han àwọn ènìyàn. Kò fún onítẹ̀wé kankan láyè láti tà á.

Orúkọ yín tí wọ́n gé kúrò ló bí mi nínú jù, nítorí ẹni tó gé e mọ̀ dájú pé iṣẹ́ náà ní ẹni tó ni ín. Òfin kan náà fún yín ní ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ yín mọ́ iṣẹ́ yín, ó sì ka yíyọ irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà fi ọjọ́ àti àkókò sí, ẹ ra kàlẹ́ńdà kan kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí onítẹ̀wé náà pé kí ó san owó ohun tó lò. Bí ó bá kọ etí ikún, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Nigerian Copyright Commission lọ, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, tí irú ẹjọ́ yìí wà níkàáwọ́ rẹ̀, sì wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ iléèwé, àjọ Creative Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, ti ṣe ìwé ìyọ̀ǹda mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni lè lò láì san kọ́bọ̀. Gbogbo wọn ló ní kí a dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́. Èyí tó bá ohun tí ẹ sọ mu ni wọ́n ń pè ní CC BY-NC: ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó, kí ó sì pín in, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi í ṣòwò. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pẹ̀lú orúkọ yín, níbi tí ojú ti lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Wikipedia kì í gba fọ́tò tí a bá so mọ́ àìṣòwò, ó sì wù mí gidigidi kí fọ́tò Ìdànrè tí ọmọ ìpínlẹ̀ wa yà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda ẹyọ kan lábẹ́ CC BY-SA, ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Wikipedia ń gbà, onítẹ̀wé lè tẹ ẹyọ yẹn tà lóòótọ́, àmọ́ orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀; kí ẹ fi àwọn yòókù sábẹ́ BY-NC.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ ìtàn méjìlá fún àwọn ọmọdé, aládùúgbò mi kan tí mo sanwó fún ló sì ya àwòrán inú wọn. Bí mo bá yọ̀ǹda wọn fún gbogbo ènìyàn lónìí, ṣé mo lè gbà wọ́n padà bí iléeṣẹ́ ìwé bá fẹ́ wọn lọ́la?
Olùkọ́, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ìyá olùkọ́, ẹ kò lè gbà wọ́n padà. Ẹ lè ṣíwọ́ pínpín wọn fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà á lábẹ́ ìyọ̀ǹda yẹn yóò máa lò ó lọ. Ìtàn ṣì jẹ́ tiyín títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín, ẹ sì lè tà á. Ohun tí ẹ kò ní lè tà mọ́ ni àṣẹ pé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé mẹ́ta síta ná, kí ẹ fi mẹ́sàn-án pamọ́. Àwọn àwòrán ńkọ́? Owó tí ẹ san kò sọ wọ́n di tiyín: aládùúgbò yín ló ni ẹ̀tọ́ wọn àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti gbé e fún yín. Ẹ kọ ìwé náà kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi fóònù gba ohùn àwọn ìyá tó ń kọ orin Obìtun sílẹ̀. Ṣé mo lè yọ̀ǹda rẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ohùn tí o gbà sílẹ̀ nìkan ni tìrẹ. Àwọn ìyá yẹn ní ẹ̀tọ́ lórí orin tí wọ́n kọ, orin àbáláyé náà sì jẹ́ ti ìlú. Òfin ní kí a dárúkọ ibi tó ti wá, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi í ṣòwò láìgba àṣẹ Nigerian Copyright Commission. Padà lọ bá wọn. Ṣàlàyé ibi tí ohùn wọn yóò dé, kí ìyá kọ̀ọ̀kan dárúkọ ara rẹ̀ sínú fóònù pé òun gbà tàbí òun kò gbà, kí o sì tan án fún wọn kí wọ́n gbọ́ ọ kí o tó dìde níbẹ̀.