Ṣé ìfun, inú àti àyà kì í ṣe nǹkan kan náà?

Rárá o. Ìfun ni oúnjẹ ń gbà kọjá láti àpòlúkù. Ìfun kékeré àgbàlagbà nìkan gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran, òun náà wà lára ẹran inú, pẹ̀lú ṣàkì àti fùkù.

Inú ló gbòòrò jù. Ibẹ̀ la fi ìwà àti ìmọ̀lára sí: inú ń bí wa, inú ń dùn, a sì ní onínúure àti òǹrorò tínú rẹ̀ dúdú.

Ṣùgbọ́n ìgboyà kì í gbé inú ìfun lédè Yorùbá, bíi ti “guts” (ìfun) lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àyà ni ilé rẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù, ó láyà. Ẹni tẹ́rù bà, àyà rẹ̀ já.