Kí ni "O" tó wà níwájú Sullivan, ibo sì ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá?

Ìyá kan ló béèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ Sullivan, ṣùgbọ́n O'Sullivan ni wọ́n kọ sára ibojì bàbá àgbà ọkọ náà. Ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ "O" yẹn, àti bóyá èèyàn lè fi orúkọ nìkan wá orírun wọn kàn.

Ẹ kú ìbéèrè, mà. "Ó" lédè Irish ni ọmọ-ọmọ, àrọ́mọdọ́mọ. "Mac" ni ọmọ. Orúkọ baba ńlá ló ń tẹ̀ lé wọn. Ó Súilleabháin ni wọ́n ń kọ ti àwọn àna yín: "súil" ni ojú, àwọn onímọ̀ kan sì ní olójú dúdú ni baba ńlá náà, àwọn mìíràn ní olójú kan ni. Lédè Irish, ọmọbìnrin kì í jẹ́ Ó. Ní Shúilleabháin ló ń jẹ́. Bí a ṣe ń gbọ́ "Àyàn" níwájú orúkọ tí a ti mọ̀ pé ilé onílù ni, bẹ́ẹ̀ ni ti wọn náà ṣe ń fi ìdílé ṣáájú.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìjọba àti ìwé kíkọ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé já Ó àti Mac sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Gaelic League bẹ̀rẹ̀ ní 1893 láti gbé èdè náà dìde, àwọn èèyàn tún ń gbé e padà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà bàbá lè jẹ́ Sullivan kí ọmọ jẹ́ O'Sullivan. Ìdílé kan náà ni o, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń ṣìnà.

Ní ti ibi tí wọ́n pọ̀ sí, káúńtì (bí ìpínlẹ̀ tiwa) Kerry àti Cork ni, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ireland. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìpìlẹ̀ wọn! Tipperary ni wọ́n wà, lẹ́bàá odò Suir, kí àwọn Norman, jagunjagun tó wá láti Britain, tó dé ní 1169 tí wọ́n sì lé wọn lọ sí etíkun. Ogun tún bá wọn níbẹ̀. Ní òpin 1602, Donal Cam O'Sullivan Beare, olórí ẹ̀ka ìdílé wọn kan, kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn rìn láti Glengarriff lọ sí Leitrim, nínú òtútù àti ebi, tí àwọn ọ̀tá ń ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn 35 péré ló kù tó dé ibẹ̀. Mo máa ń rántí wọn nígbàkígbà tí mo bá wo máàpù orúkọ yìí.

Ní ti ìwé ìkànìyàn, ti 1901 àti 1911 ló pẹ́ jù nínú èyí tó ṣì wà lódindi, ilé àkójọ ìwé ìjọba Ireland sì ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Iná tó jó ilé ìwé ní Four Courts, Dublin, ní 1922 ló run èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1821 sí 1851. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ba ti 1861 sí 1891 jẹ́. Èyí dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé owó-ilẹ̀ tí Richard Griffith ṣe láàárín 1847 sí 1864 ṣì wà. Ó ń sọ ẹni tó gba ilẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan.

Lórí ìkànnì ìwé ìkànìyàn náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ Sullivan, ẹ tún tẹ O'Sullivan, ẹ sì kọ iye tó jáde fún káúńtì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ pa méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ìwé ilé kan. Olórí ilé ló máa ń fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á fa àmì sí i. Níwájú orúkọ ni ẹ ó ti rí ẹ̀sìn, iṣẹ́, bóyá ó gbọ́ èdè Irish, àti ibi tí wọ́n bí i. Káúńtì nìkan ni ibi ìbí yẹn sábà máa ń sọ, kì í sọ abúlé. Ti 1911 tún béèrè lọ́wọ́ abilékọ iye ọmọ tó bí àti iye tó kù láàyè.

Ẹ má gbára lé ọjọ́ orí jù. Láti 1909 ni ìjọba ti ń fún ẹni 70 ọdún ní owó arúgbó, nítorí náà ẹni tó pe ara rẹ̀ ní 56 ní 1901 lè di 70 ní 1911.

Ní Kerry, John Sullivan pọ̀ lọ jàra. Kí ẹ tó jókòó sídìí ẹ̀, ẹ bi àna yín léèrè orúkọ ìyàwó bàbá àgbà náà àti ti àbúrò rẹ̀ kan tàbí méjì. Orúkọ mẹ́ta nínú ilé kan náà ni ẹ ó fi dá ilé tiwọn mọ̀.