Yí i dójú dé, kó o wo àgbọ̀n rẹ̀

Àbúrò mi, o ní ò ń fi ìwọ̀ pẹja létí ọ̀sà ní Ìkòròdú, pé èpìyà tó jọra wọn bí ìbejì ló máa ń gbé ìjẹ rẹ, àti pé o fẹ́ mọ èyí tí o lè kó sínú adágún kòǹkéré tó o mọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ará Ẹ̀pẹ́ ni mí, owó ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lọ́dún 2014, mo ra ọmọ èpìyà bí irinwó lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi àwọ̀n kó wọn nínú ọ̀sà wa. Ó na lẹbẹ ẹ̀yìn ọ̀kan, ó fi àmì dúdú roboto kan hàn mí nídìí rẹ̀. Ó ní, "Wésáfù nìyí, àmì rẹ̀ nìyẹn." Ta ni kò mọ wésáfù, èpìyà ńlá ọ̀sà wa, ní Ẹ̀pẹ́? Èyí tó bá dàgbà dáadáa lè tẹ̀wọ̀n ju kílò kan lọ. Mo sanwó, mo kó wọn sínú adágún tí mo gbẹ́, mo ń fún wọn lóúnjẹ fún oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ tí mo fa omi, ẹja pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Wọ́n ti bímọ, ọmọ wọn náà ti bímọ. Mo gbé wọn lọ sí ọjà Olúwo, àwọn ẹlẹ́ja wò wọ́n, wọn ò tilẹ̀ ná an. Ilé la ti jẹ ẹ́ títí ó fi sú wa.

Àmì yẹn ló tàn mí. Ọmọ èpìyà ló máa ń ní in, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Lára àwọn kan, bí wọ́n bá ti ń dàgbà ló máa ń pa rẹ́. Lára òmíràn, kì í lọ bọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá na lẹbẹ ọmọ ẹja tó gùn tó ìka sí ọ, tó ní òun mọ orúkọ rẹ̀, fọgbọ́n kúrò níbẹ̀.

Èyí tó dàgbà ni kó o máa wò. Ohun tí mo fura pé ò ń pa jù lọ́dọ̀ yín ni Sarotherodon melanotheron, torí omi ọ̀sà yín máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju tiwa lọ, iyọ̀ kò sì ní nǹkan kan tó lè fi ẹja yẹn ṣe. Yí i dójú dé. Bí abẹ́ àgbọ̀n àti ọ̀fun rẹ̀ bá ní àbàwọ́n dúdú, bí ẹni tó ń mu tàdáwà tó dà sí i láyà, òun nìyẹn. Ó dùn lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe kó o sínú kòǹkéré o! Òun ló kún adágún mi. Wọ́n gbé ẹja yìí kan náà dé Thailand, ó sì gba odò wọn débi pé lọ́dún 2024 ìjọba wọn ń sanwó fún àwọn tó bá pa á.

Èkejì, Oreochromis niloticus, ìrù ni kó o fi mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ìrù náà bí abẹ̀bẹ̀: wàá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìdí dé etí. Àwọn tó kù kò ní irú rẹ̀. Òun ni àwọn ọlọ́sìn ń sìn jù, òun ló sì ń tóbi.

Ẹ̀kẹta ni Coptodon guineensis. Òun ni àmì dúdú ẹ̀yìn yẹn sábà máa ń bá dàgbà. Ikùn rẹ̀ a máa pọ́n nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Má gbára lé àwọ̀ ara jù ṣá, torí èpìyà tó bá bẹ̀rù lè yí àwọ̀ padà kó o tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, èyí tó bá sì ti sùn lórí yìnyín, ìyẹn tún yàtọ̀. Bó bá rú ọ lójú, ṣí etí rẹ̀ tó fi ń mí, kó o ka eyín kéékèèké bí ìyarun tó wà lápá ìsàlẹ̀ egungun àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta yìí kì í sábà ju mẹ́wàá lọ. Ti oníla-nírù máa ń tó ogún.

Ẹ̀rí tó wù mí jù ni ẹyin ẹnu. Bó o bá gbé ẹja sókè, tó pọ ẹyin sílẹ̀ láti ẹnu, wo ìdí rẹ̀: akọ ní ihò méjì, abo ní mẹ́ta. Bó bá jẹ́ akọ, alágbọ̀n dúdú ni, torí bàbá ló sábà máa ń fẹnu gbé ọmọ nílé tiwọn. Bó bá jẹ́ abo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníla-nírù. Ẹ̀kẹta kì í fi ẹnu gbé e rárá. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ló ń yé e sí, tọkọtaya á sì jọ máa ṣọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí bàbá tó ń pọ ẹyin, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ní ṣé mo rí i báyìí pé ó ṣeé ṣe.

Èyí tó ní àbàwọ́n dúdú márùn-ún gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Àwọn ọlọ́sìn kan a máa fi í dín ọmọ ẹja kù nínú adágún. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni.

Ní ti wésáfù, gbogbo èpìyà tó bá tóbi ni àwọn kan ń fi orúkọ yẹn tà. Má fi owó fíńgálìn (ọmọ ẹja tí wọ́n ń tà fún sísìn) rẹ wá a kiri. Oníla-nírù tí wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ di akọ, kí wọ́n má baà bímọ kún adágún, ni kó o rà, kó o sì ní kí ẹni tó ń tà á fi ìyá wọn hàn ọ́. Bó bá ní ìyá wọn wà lọ́nà jíjìn, wọ ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú.