Nígbà tí ìyá àgbà bá sọ ohun tó ń bọ̀

Ìbéèrè: London la wà. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, níṣẹ́ àṣetiléwá lórí predict, forecast, foretell, omen àti bode. Ó kọ ọ́ pé ìyá àgbà òun ní Ìkòròdú máa ń forecast owó bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń yún wọn. Olùkọ́ fagi lé e. Ṣé kí n máa fi Yorùbá ṣàlàyé fún un, àbí màá tún da orí rẹ̀ rú ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé, ẹ má dá ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Olùkọ́ jàre lórí forecast. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan, Robert FitzRoy, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ojú ọjọ́ ní London yín níbẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Times ní 1861. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀, ìṣirò lòun ń ṣe, bí NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ṣe ń ṣe nílé. Foretell sún mọ́ ti wòlíì àti aríran. Predict gba tibí, ó gba tọ̀hún. Àtẹ́lẹwọ́ tó ń yún màmá, àmì nìyẹn: omen. Èèyàn kì í bode. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló ń bode, ire tàbí ibi.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an nìyí. Ẹ̀pẹ́ ni màmá mi ń gbé, wọ́n ta ẹja lọ́jà Olúwo títí agbára fi dín kù. Wọ́n pè lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wà níbi iṣẹ́, ọmọbìnrin mi ló gbé fóònù. Wọ́n ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, kó má pẹ́ lọ́nà." Ọmọ gbọ́ ọ ketekete. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ló jíṣẹ́: "Grandma said it's getting dark, so don't stay out late." Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe ló ń kọ wọ́n lóminú. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n ní ká máa bọ̀ wá sin wọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ náà ti wá sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe jáde lẹ́nu màmá gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kàn ń wojú mi.

Mi ò bá ọmọ wí, mi ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá a wí. Bí mo ṣe ń wọlé ni bàbá àwọn ọmọ mi ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà wo la fẹ́ jókòó kọ́ wọn bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀? Gẹ̀ẹ́sì náà ló gbé wọn débi tí wọ́n dé. Síbẹ̀ ó ń jẹ mí lọ́kàn: kí ni màmá tún sọ fún wọn tí kò dé etí mi?

Ní báyìí, bí àgbà bá ti pè, mo ní kí àwọn ọmọ gba ohùn àgbà náà sílẹ̀, kí wọ́n má túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Lálẹ́, èmi á sọ àmì, àwọn á sọ ohun tó ń bọ̀: òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kọ, ara ń fu mí. Àbúrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í dá sí i, mi ò sì fipá mú un.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín pe màmá ní Ìkòròdú kó tó tún iṣẹ́ náà kọ. Kó bi wọ́n pé ọwọ́ wo ló ń yún wọn, ọ̀tún ni àbí òsì, kó sì gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́nu wọn.