Fáànù tó ń yí nígbà tí ọkọ̀ tutù, tó ń dákẹ́ nígbà tó gbóná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní Volkswagen Golf kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990. Ó ti pẹ́ tí riwáyà kan ti so fáànù rẹdiétọ̀ rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ní dáírẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti ṣáná sí ọkọ̀ ni fáànù ń yí títí n ó fi pa á. Ní oṣù tó kọjá, mo ní kí mẹkáníìkì mi fi súìṣì ooru sí i. Rẹdiétọ̀ tí a pààrọ̀ kò ní ihò súìṣì, nítorí náà ó gé họ́ọ̀sì òkè, ó ki páìpù irin kékeré kan sí àárín rẹ̀, ó sì de súìṣì àlòkù kan mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, fáànù a máa yí ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Láfẹ́nwá tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró, yóò dákẹ́, géèjì ooru yóò sì máa gun òkè lọ. Mẹkáníìkì ní kí a dá a padà sí dáírẹ́ẹ̀tì. Kí ni kí n ṣe?
Òǹkàwé kan, Adátán, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá a padà. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ náà wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí ẹ ó fi tún un ṣe, nítorí pé bí ẹ́ńjìnì bá hó lẹ́ẹ̀kan péré, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè jó, owó rẹ̀ yóò sì ju owó súìṣì lọ fíìfíì. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó dá mi lójú pé súìṣì yín kò bàjẹ́. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti tú u wá.

Oríṣi súìṣì ooru méjì ló wà. Èyí tí Golf yín ń lò kì í jẹ́ kí iná kọjá nígbà tí omi bá tutù, ìgbà tí omi bá gbóná ni ó ń so iná pọ̀. Ti ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí: ó ń so iná pọ̀ nígbà tí omi tutù, ó sì ń já a nígbà tí omi bá gbóná, rélè tiwọn (súìṣì alágbára tí iná kékeré ń darí) ni ó wá ń yí ọ̀rọ̀ náà padà kí fáànù lè ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ó lè jẹ́ pé bí wáyà súìṣì bá já lójú ọ̀nà, fáànù yóò máa yí lọ, ẹ́ńjìnì kò sì ní jó. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ọkọ̀ tí kò ní irú rélè bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán súìṣì náà wò nínú ìkòkò kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì dán èyí tí ẹ bá rà wò bákan náà. Ẹ tú u nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá. Ẹ fi wáyà so ó rọ̀, kí idẹ rẹ̀ rì sínú omi, kí ojú iná rẹ̀ wà lókè omi, kí ó má sì kan ìdí ìkòkò, nítorí pé ìdí ìkòkò gbóná ju omi lọ. Ẹ jẹ́ kí iná bátìrì gba inú súìṣì kọjá lọ sí gílóòbù kékeré kan, kí bátìrì jìnnà sí ìdáná, kí ẹ sì ki tẹmọ́mítà bọ omi. Bí ó bá jẹ́ súìṣì Golf, gílóòbù kò ní tàn títí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí 92°C sí 97°C. Ẹ ó gbọ́ tí súìṣì yóò dún tá! kékeré, gílóòbù yóò sì tàn. Bí ẹ bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná, yóò kú padà láàárín 91°C sí 84°C. Àlàfo yìí ni kì í jẹ́ kí fáànù máa tàn, kí ó máa kú ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Bí gílóòbù bá tàn nínú omi tútù, tó sì kú nígbà tó gbóná, ẹ ti rí ohun tó ń dà yín láàmú.

Ní ti wáyà, fáànù lè fa iná 10 A sí 20 A (áńpíà), nítorí náà ẹ má jẹ́ kí súìṣì kékeré dá ẹrù náà gbé. Ẹ lo rélè. Ẹsẹ̀ rélè tó ní nọ́ńbà 30 ń gba iná láti orí bátìrì gba fíùsì 30 A kọjá, ẹsẹ̀ 87 ń lọ sí fáànù, ẹsẹ̀ 86 ń gba iná láti kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ 85 sì ń gba inú súìṣì lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin ara ọkọ̀. Bí súìṣì bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ara irin rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Rọ́bà ni họ́ọ̀sì sì jẹ́ lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fa wáyà ẹ́ẹ̀tì láti ara páìpù náà lọ sí ara ọkọ̀.

Bí wọ́n bá ti yọ tẹmọ́sítààtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi lọ sí rẹdiétọ̀ nígbà tó bá gbóná), ẹ dá a padà. Mo bẹ̀ yín.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá pa ọkọ̀ mi tán, fáànù ṣì máa ń yí fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ mi ní yóò pa bátìrì. Ṣé àléébù ni?
Ìyá aláṣọ, Ìbarà

ÌDÁHÙN: Rárá, mà. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, pọ́ǹpù omi náà kú, ooru tó wà lára irin á sì máa wọ inú omi tó dúró sójú kan, ìdí nìyẹn tí fáànù fi ṣì ń yí. Fáànù tó ń fa 15 A fún ìṣẹ́jú méjì kò lò ju ìdajì 1 Ah lọ (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń kó pamọ́), bátìrì yín sì lè jẹ́ 45 Ah. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí súìṣì yín sì jẹ́ irú ti Golf, ẹ ní kí wọ́n yọ wáyà orí súìṣì; bí fáànù kò bá dúró, ó ṣeé ṣe kí ojú rélè ti lẹ̀ pọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín pé kí ó má ki ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fáànù yìí, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí ó lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kí ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì.